Baba Ìjọ àti Ìwé Ìgbélùú

Baba Ìjọ wa l'Óǹdó kì í kí àlejò kí wọ́n tó bi í pé, "Ìwé ìgbélùú rẹ dà?" Lọ́dún tí ìjọba ní kí àwọn ará Gánà máa lọ, Baba yìí ló fi olùkọ́ tó ń tẹ dùùrù fún wa sùn. Wọ́n ní, "Kò níwèé, ó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa."

Nígbà tó yá, ọmọ Baba náà lọ ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù láìníwèé. Ààwẹ̀ ò wọ́n nílé Baba mọ́. Ọjọ́ tí ìwé ọmọ jáde, Baba fa màlúù wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní àwọn òyìnbó tó fi ìwé ọmọ àwọn falẹ̀ ò mọ àlejò tọ́jú rárá.

"Ẹ tẹ dùùrù, kí n jó!"

Ìyá mi ní, "Baba, ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ wà ní Gánà."

Àtẹ́wọ́ la pa fún Baba.