Ó Ń Ké

A kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Alátéèpù mọ òwe náà tinú-tẹ̀yìn, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ti ilé dé ilé, kí ó máa ka ọmọ àwọn ọlọ́mọ: àwọn tó wà nílẹ̀, àwọn tí kò sí mọ́, àti àwọn tí ọ̀nà wọn kò já sí ilé.

Iṣẹ́ aránṣọ ló ti rí orúkọ yẹn. Ọdún méjìdínlógún ló fi gbé téèpù kọ́rùn nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí títì, iṣẹ́ náà sì ti kọ́ ọ pé téèpù máa ń mọ̀ kí ọkọ tó mọ̀. Ìbàdí obìnrin á fi ínṣì méjì lé, á fi mẹ́rin lé, Alátéèpù á yọ aṣọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i láìsọ nǹkan. Nígbà mìíràn, obìnrin náà á tún padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìbàdí rẹ̀ á ti padà sí bó ṣe wà, kò sì ní sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹnu Alátéèpù yá jù: "Ọmọ wa ńkọ́?" Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń bọ̀ wá mú aṣọ òun lọ́jọ́ Sátidé. Kò wá mọ́. Aṣọ aláwọ̀ ewé náà wà lórí ìkọ́ títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í dun Alátéèpù, tó sì kó ẹ̀rọ ìránṣọ fún àbúrò rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wọlé, aṣọ náà á yí padà, á kọ ẹ̀yìn sí i.

Nígbà tí àwọn elétò ìlera wá ń wá obìnrin tí yóò máa bi àwọn obìnrin ní ìbéèrè nípa oyún, òun ni wọ́n mú. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ẹ má sọ pé oyún ṣòfò. Ẹ ní kò dé ìgbà ìbí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí oyún àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe bi obìnrin ní nǹkan kan bí etí kẹta bá wà nítòsí. Ohun tí ẹ bá gbọ́ nílé kan, ẹ má gbé e dé ilé kejì. Wọ́n sì búra lé ìyẹn. Ìbéèrè kan wà fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ní kò yè: Ọmọ náà ké bí? Ó mira? Ó mí? Bí ọ̀kan ṣoṣo bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ náà ti wá sáyé nìyẹn, a óò sì bèèrè orúkọ rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ rárá, a kì í bèèrè orúkọ.

Kò rí ìṣòro kankan nínú ìyẹn títí di òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan.

Kó tó rí ilé náà ló ti ń gbọ́ rédíò rẹ̀. Ìyá àgbà kan jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé rédíò lé itan.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Àwọn wo tún nìyí? Lọ́dún tó kọjá, wọ́n wá ka àwọ̀n ẹ̀fọn. Àwọ̀n pé, ẹ̀fọn náà sì pé."

"Ìyàwó yín ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ma. Èmi àti òun nìkan."

"Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ẹ kọ ọ̀kan, kí ẹ máa lọ."

Nínú yàrá, ìyàwó ilé náà ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ kan rọ̀ sẹ́yìn àga. Ṣùgbọ́n ariwo rédíò ń gba inú kọ́tìnnì wọlé débi pé Alátéèpù kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó tún jáde.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa á, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

"A kì í pa á."

"Bátìrì yín ò ní tán ni?"

"Mo ní òmíràn. Ọjọ́ tí ọkọ mi kú, mi ò pa á."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín láti inú yàrá. "Àǹtí, orogún mi ni rédíò yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wọlé yìí, kò sùn rí."

Alátéèpù kúnlẹ̀. Ìyá àgbà wo ilẹ̀kùn yàrá, ó wo ẹni tó kúnlẹ̀, ó sì yí i pa. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọ ilé náà bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè.

"Ẹ sọ fún mi nípa ọmọ yín, ìyàwó wa."

"Ó wà níléèwé. Ọmọ ọdún méje ni. Òun ni ìkejì."

Bírò dúró. Alátéèpù rántí aṣọ aláwọ̀ ewé, kò bèèrè ìkíní. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó káwọ́ lé itan. "Mò ń gbọ́ yín. Kò sí ìkánjú."

Obìnrin náà fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì. "Ọdún mẹ́sàn-án rèé, orí bẹ́ẹ̀dì yìí ni mo bí ìkíní sí. Oyún oṣù mẹ́jọ ni. Ojú mi ṣú, mi ò mọ ibi tí mo wà. Ìgbà tí mo máa fi lajú, wọ́n ti gbé e lọ. Màmá ní kò mí rárá."

"Ẹ má bínú, bí mo ṣe ń bi gbogbo obìnrin nìyí. Ọmọ náà ké bí?"

"Ó ń ké."

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ ti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ ti ìsinsìnyí. Alátéèpù gbé bírò. "Ẹ gbọ́ ọ nígbà tí ẹ bí i?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan nígbà yẹn. Mo ní ó ń ké. Ẹ ò gbọ́ ni?"

Igun tó wà láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ògiri ni obìnrin náà ń wò. Alátéèpù tẹ́tí. Omi ń kán lẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn náà ni ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé, bí ìgbà tí wọ́n ń fa òwú gígùn la aṣọ tuntun já. Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ológbò ni, ó sọ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ológbò kì í ké bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ wé.

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí," ni ìyàwó wí, "wọ́n á ní orí mi ti dà rú. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: ṣé ó ké lọ́jọ́ yẹn, àbí èmi ni mo dá igbe sílẹ̀ fún un? Bí kò bá ké rí, ta wá ni mò ń gbọ́?"

Alátéèpù wo fọ́ọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá. Àpótí kékeré méjì, kò sì sí ìkẹta. Kò lè fi ọwọ́ kan èyíkéyìí.

Kọ́tìnnì mì. Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbá rédíò mọ́ àyà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a ò tíì parí..."

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí n tó tún tan nǹkan yìí." Kò wo ẹnì kankan. "Ó ké. Ọkùnrin ni, ìró mi ni mo fi wé e. Ó ń ké títí oòrùn fi dé ẹnu ọ̀nà, ó wá dákẹ́. Ìwọ ò tíì jí. Mo rò ó pé èyí tí kò ké ló rọrùn láti gbàgbé."

"Màmá."

"Èmi náà ń gbọ́ ọ, ìyàwó. Ṣé orin lo rò pé mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀?"

Ìyàwó ò sunkún. Aṣọ tó ń ká wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Báwo ló ṣe ké?"

"Bí ẹni tí inú ń bí."

"Bíi bàbá rẹ̀ nìyẹn," ni obìnrin náà wí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omi wá tẹ̀ lé ẹ̀rín.

Alátéèpù fa ìlà sí bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin. Iye ọjọ́ tó lò láyé: kò pé ọjọ́ kan. Ó wá bèèrè ohun tí fọ́ọ̀mù ní kó bèèrè: "Orúkọ wo ni kí n kọ?"

Ìyàwó ò wo ìyá ọkọ rẹ̀, kò sì ronú. Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé láti ìta. Alátéèpù kọ ọ́.

"Ẹ ṣì ń gbọ́ ọ?"

Obìnrin náà dẹ etí sí igun yẹn. "Rárá."

Ìyá àgbà gbé rédíò sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò tàn án.

Ilé tó kàn, onídìrí kan ló ń gbé ibẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló pa á pọ̀ mọ́ tọ̀hún. Kí Alátéèpù tó jókòó lọ̀rọ̀ ti kún ẹnu onídìrí náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Rédíò ìyá yẹn dákẹ́ lónìí, mo ní bóyá ìyá ti lọ. Àṣé ọmọ tuntun ni wọ́n ń gbé jó! Ilé gbe ilé, wọ́n bímọ, wọn ò tilẹ̀ sọ fún èèyàn. Igbe rẹ̀ le o, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ báyìí ni. Wọ́n ti fún un lọ́yàn nìyẹn. Kí ló jẹ́, ọkùnrin àbí obìnrin?"

Alátéèpù mọ ìdáhùn. Ó rántí ìbúra rẹ̀. Ó fa fọ́ọ̀mù tuntun yọ, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè kìíní.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ sùn nínú ilé yìí mọ́jú òní, ma?"