Aṣọ Tó Yọ Mí Kúrò Nínú Tiréè

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n aṣọ òkú ló jẹ́ kí n rí ìyàwó mi fẹ́.

Ayé ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ̀lú ni. Onífọ́tò ni mí ní Àgbádárìgì nígbà náà, ojú mi sì wà lára ọmọ Àlájà kan tó ń ta abọ́ àti tiréè dídán létí títì. Àlájà mọ̀, wọ́n kàn ń wò mí níran ni. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n ya ọjà àwọn, àwọn fẹ́ gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù.

“Bí mo bá rí orí ẹnikẹ́ni nínú tiréè mi, má jẹ̀ẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ rẹ nílé yìí mọ́.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì ya ohun tó ń dán rí ni. Nígbà tí mo fọ fíìmù àkọ́kọ́, èmi ni mo kún inú fọ́tò: orí bí elégédé, ẹsẹ̀ bí ìgbálẹ̀, èmi mẹ́jọ nínú tiréè mẹ́jọ.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo ní ohun tó bá yí tiréè ká ló máa ń hàn nínú rẹ̀, kó bá mi wá aṣọ funfun tí a máa fi yí i ká. Ó gbé ọ̀kan jáde, tó ń ta sánsán tùràrí. Mo yọ sísọ́ọ̀sì, kí n lu ihò tí kámẹ́rà máa gbà wò. Ó já a gbà, ó ní n ò gbọdọ̀ gé e. Mi ò béèrè ìdí. Mo ta aṣọ náà bí àgọ́, mo ti imú kámẹ́rà gba ibi tí etí rẹ̀ méjèèjì ti pàdé.

Nírọ̀lẹ́, Àlájà yí fọ́tò sókè, wọ́n yí i sódò, wọn ò rí orí mi. Inú mi ti ń dùn kí ìyá àgbà, ìyá tó bí Àlájà, tó gbà á, tí wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. Nínú tiréè tó tóbi jù, òǹtẹ̀ tó wà létí aṣọ hàn gedegbe. Ìyá àgbà mú fọ́tò náà wọ yàrá lọ. Ẹnu ọ̀nà ni ọmọbìnrin náà ti sọ fún mi pé aṣọ tí ìyá àgbà rà bọ̀ láti Mẹ́kà ni, èyí tí wọ́n fẹ́ kí a fi sin àwọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà ránṣẹ́ pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Aṣọ náà wà lórí ẹní, pẹ̀lú iyanrìn lára rẹ̀.

“Ta ló ń rí aṣọ òkú ẹni?”

“Ará ilé ni, mà.”

Wọ́n yíjú sí Àlájà. “Eléyìí ti rí tèmi. Ṣé àlejò lo wá fẹ́ kó jẹ́?”

Àlájà dìde, wọ́n lọ bu omi wá. Ìyá àgbà ti ọṣẹ àti abọ́ omi síwájú mi, wọ́n ní kí n fọ aṣọ àwọn kó mọ́. Abọ́ náà ń dán. Mo bẹ̀rẹ̀, mo rí orí mi lára rẹ̀, elégédé gan-an, àti orí ọmọbìnrin náà lẹ́yìn mi, tó ń rẹ́rìn-ín.