Orúkọ Bàbá Lára Pátákó Ilé Ìlagi

Òórùn igi àfàrà tútù tí ayùn ṣẹ̀ṣẹ̀ là kì í tètè kúrò lára aṣọ. Títí dòní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń la pákó, Ìkọ̀lé ni ọkàn mi ń lọ, níbi tí ọkọ mi ti dá ilé ìlagi sílẹ̀ nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Òun nìkan ló ni í. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí a ti ń ṣe é nílé wa: ọmọ tó bá rí ṣe kì í gbé orúkọ ara rẹ̀ síta kó fi ti baba rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ mi kọ orúkọ bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ oníkòkó ní Odò-Orò, gàdàgbà sára pátákó, ó sì fi “àti Àwọn Ọmọ” kún un. Gbogbo ẹbí pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn agbowó-orí wá lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé a jẹ ìjọba lówó. Ojú pátákó ni wọ́n wò, orúkọ Bàbá ni wọ́n sì kọ síbẹ̀. Àwọn àbúrò ọkọ mi tó ti ń fi pátákó yẹn ṣe fáàrí bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ọ̀kan ní, “‘Àwọn Ọmọ’ yẹn, mi ò sí níbẹ̀ o!” N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Bí ọ̀kadà bá ti dúró níta, màá sáré yọjú wò ó bóyá àwọn ni. Ibi tí mo ti gbálẹ̀ náà ni mo tún ń gbá.

Nígbà tó yá, Bàbá wọ agbádá òfì rẹ̀, ó di báàgì kékeré kan, ó wá bá wa n'Íkọ̀lé, ó sì ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láràárọ̀. Ó ní, “Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wá mú mi nínú ulé yìí, kí uṣẹ́ má dúró.” A rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà á láàmú.

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo fa ọkọ mi lọ́wọ́, ó di ọ́fíìsì owó orí. Ìyá tó dá wa lóhùn níbẹ̀ béèrè pé, “Ta ló forúkọ iṣẹ́ yìí sílẹ̀?”

Ọkọ mi ní, “Èmi ni, mà.”

“Ẹ̀yin nìkan?”

“Èmi nìkan.”

“Ẹ gbàgbé pátákó, ọ̀gá. Lójú òfin, ẹ̀yin gan-an ni iṣẹ́ náà. Bí ilé ìlagi kò bá lè san án, ilé yín àti mọ́tò yín lè bá a lọ.”

Ó fún ọkọ mi ní nọ́ńbà owó orí lórúkọ ara rẹ̀, wọ́n sì gbà kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́ nítorí ilé wa, ṣùgbọ́n inú mi dùn nítorí Bàbá. Bí a ṣe délé ni mo kúnlẹ̀ tì í.

“Bàbá, ẹ lọ sinmi. Ọ̀rọ̀ náà kò kàn yín rárá, ọkọ mi ni wọ́n mọ̀.”

Ó fajú ro lójú ẹsẹ̀. “Ta ló sọ fún wọn?”

“Àwa fúnra wa ni, Bàbá.”

Ó mi orí. “Ìyàwó mi, mo mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé kì í ṣe temi. Ṣùgbọ́n mo ti gbó. Bí mo bá ti lọ jókòó lọ́hùn-ún nínú àtìmọ́lé wọn, ọmọ mi á máa la ugi rẹ̀, àwọn ọmọ yín á máa jẹun.”

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èmi ń sunkún. Èmi tó rò pé ọjọ́ ogbó ló ń da àgbàlagbà láàmú! Ìjọba ti mọ ẹni tó jẹ gbèsè. Àwa ni kò mọ ẹni tí a ní.