Ọjọ́ Tí Oko Mọ́rìnọ́lá Di Éékà Mọ́kànlá

Éékà mẹ́ta ni oko kòkó Mọ́rìnọ́lá, lẹ́yìn Ìbòkun. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló gbìn ín. Pèrègún mẹ́rìnlá ló fi pa ààlà rẹ̀. Mo mọ iye wọn, èmi ni mo bá a gbin méje. Mọ́rìnọ́lá ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Bó bá rí ewúrẹ́ ẹni tó mọ̀, yóò kí i.

Lọ́dún yìí, òfin tuntun dé láti òkè òkun. Wọ́n ní àwọn kò ra kòkó mọ́, àfi tí àwòrán oko rẹ̀ bá wà nínú ẹ̀rọ. Oko tó bá sì wọ igbó ìjọba, wọn kò ní fọwọ́ kan kòkó rẹ̀. Ẹni tó ń ra kòkó wa rán Humairah wá láti Òṣogbo. Ọmọ náà gbé fóònù lé Mọ́rìnọ́lá lọ́wọ́.

“Mama, ẹ rin ààlà yín yípo. Ibi tẹ́ ẹ bá gbà ni fóònù yóò yà.”

“Ṣé kí n má sọ̀rọ̀?”

“Ẹ máa sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ yín ló ń wò.”

Bàtà Humairah kì í ṣe ti oko. Ó jókòó sábẹ́ igi.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í kọjá lẹ́bàá ahéré ẹni ká má yà kí i. Ẹni tó bá kọjá, ìjà ló ń wá. Mọ́rìnọ́lá yà sọ́dọ̀ Amos tó bá a pààlà, ó jẹ àgbàdo sísun. Ó yà sọ́dọ̀ Nùrẹ́nì, ó ṣàdúrà fún ọmọ rẹ̀ tuntun. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, létí igbó ìjọba. Mo béèrè bí orúnkún rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Kò fi ohunkóhun pa mọ́. Lẹ́yìn náà ló padà sí ààlà.

Fóònù ní éékà mọ́kànlá ni oko náà. Ó tún fi àwọ̀ pupa kun ún.

“Mama, ẹ ti wọ igbó ìjọba.”

“Mo lọ kí bàbá kan ni.”

“Fóònù kò mọ ìkíni.”

“Ilé ta ni wọ́n ti tọ́ ọ?”

Àpò kòkó mẹ́sàn-án wà ní yàrá Mọ́rìnọ́lá. Wọn kò ní wọn kòkó oko pupa. Humairah ní kó tún un rìn láàárọ̀ ọ̀la, nítorí òun ń padà sí Òṣogbo lọ́sàn-án.

Amos gbọ́, ó lọ bá Mọ́rìnọ́lá. “Ìyá Adétutù, wọ́n ní orí ilẹ̀ yín ni mo ń dáko sí. Kí ni ìṣákọ́lẹ̀ mi?”

“Iṣu mẹ́ta. Má mú èyí tí kòkòrò jẹ wá.”

Nírọ̀lẹ́, Mọ́rìnọ́lá wá sílé wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun wá kí wa sílẹ̀ de ọ̀la, ká má bínú bí òun bá kọjá. Amos ní òun kò gbà, ìkíni kì í sùn mọ́jú.

Nítorí náà, ní àárọ̀, gbogbo wa fi ahéré sílẹ̀, a dúró sídìí pèrègún, oníkálukú ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. A kí i, ó dáhùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. Mo tún béèrè orúnkún.

“Ó ń dùn mí. Ẹ má dá mi dúró.”

Éékà mẹ́ta. Àwọ̀ ewé. Wọ́n wọn àpò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ́jọ́bọ̀.

Amos gbé iṣu mẹ́ta wá lóòótọ́, ó dọ̀bálẹ̀ bí àgbẹ̀ tó wá san ìṣákọ́lẹ̀. Mọ́rìnọ́lá yẹ̀ wọ́n wò. Ó dá ọ̀kan padà. Kòkòrò ti jẹ ẹ́.