Ampilifáyà Abẹ́ Òkìtì Àdìrẹ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mo jẹ́ tíṣà èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Abẹ́òkúta, mo sì gbà pé olórin ni mí. Ẹ̀rí tí mo ní kò ju gìtá kan tí mo gbé bọ̀ láti yunifásítì, ohùn mẹ́ta tí mo mọ̀ ọ́n tẹ̀ lórí rẹ̀, àti irùngbọ̀n kan tí mo fara balẹ̀ dá sí. Ohun tó kù mí kù ni ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn gìtá di ńlá. Owó tíṣà kò ká tuntun. Ṣùgbọ́n àwa tí a kàwé, a máa ń ní àlàyé fún gbogbo ohun tí agbára wa kò ká. Mo ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní yàrá olùkọ́ pé ẹ̀rọ àtijọ́ ni mo fẹ́, nítorí pé ẹ̀rọ òde òní kò ní ẹ̀mí. Wọ́n ń mi orí tìyanu-tìyanu. Kò sí ẹni tó bi mí pé níbo ni mo ti rí ẹ̀mí nínú ẹ̀rọ rí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo rí ti èmi, ní àdúgbò Kẹ́mta, lábẹ́ òkìtì aṣọ àdìrẹ. Aṣọ kọ́tìnì ni mo lọ rà. Ìyá tó ń tà á ju ẹni ọgọ́ta ọdún lọ, opó ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tó sì ń rẹ ẹ́ nínú aró lẹ́yìnkùlé. Mo kí i bí wọ́n ṣe ń kí aláró, “Àrẹ̀dú o,” ó dáhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí aṣọ fún mi. Nígbà tó fa aṣọ kejì yọ, igun ohun tó tò wọ́n lé yọ sí mi: àpótí dúdú kan tó ga dé orókún, bọ́tìnì méje tò sára irin funfun níwájú rẹ̀, ihò kékeré méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, irú èyí tí wọ́n ń ki okùn gìtá bọ̀. Mo gbàgbé kọ́tìnì.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbé aṣọ lé yẹn?”

“Tábìlì ni,” ó ní. “Kó tó di tábìlì, ọjà tí ọkọ mi rà ní Èkó ni.”

Ó sọ ìtàn rẹ̀ fún mi bó ṣe ń ká aṣọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìdílé Mùsùlùmí oníṣòwò tó ti pẹ́ ní Kẹ́mta ni ìdílé ọkọ rẹ̀. Aṣọ ni ọkọ náà ń tà, gbogbo ọjà ló sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Bí o bá di ojú rẹ̀, tí o fi aṣọ lé e lọ́wọ́, á sọ fún ọ bí òwú rẹ̀ ṣe nípọn tó àti ibi tí wọ́n ti fi omi kún un kó lè wúwo. Ní ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú, ó ra àpótí yìí lọ́wọ́ atukọ̀ òkun kan ní Èkó, pé òun á máa fi yá àwọn olórin. Ó ní atukọ̀ náà ta gìtá lórí rẹ̀ lójú òun nínú ọkọ̀ òkun rẹ̀, ó sì dún. Nígbà tó gbé e dé ilé, gbogbo ẹbí pé jọ sí àgbàlá. Wọ́n fi í sí iná. Àpótí náà kùn lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ra iṣu tó ti bàjẹ́ bọ̀, wọn á bi í bóyá òun náà ti lọ sí Èkó ni. Olórí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ni àbúrò ọkọ náà, Àlùháájì kan tó lọ kọ́ṣẹ́ fún ọdún kan péré nílùú Òyìnbó, tí kò sì tí ì fi gbogbo ara dé. Ọkọ náà kú ní ọdún kejì. Ní ọjọ́ àdúà ogójì rẹ̀, àbúrò yìí dìde, ó yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí, ó sì fi ìtàn àpótí náà kádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín tí omijé fi bọ́ lójú wọn.

Opó náà kò lè fèsì. Ẹ mọ̀ bí ó ṣe rí nílé wa. Ẹni tí obìnrin bá nílé ọkọ, ọkọ ló ń pè é, ì báà jẹ́ pé òun ló ń bá a wẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Bí Àlùháájì bá wọlé, ó ń kúnlẹ̀ kí i, “Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi.” Kò sí bí ó ṣe lè dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀ yẹn kó wá bá a jiyàn. Nítorí náà, ó kó aṣọ rẹ̀ lé àpótí náà, ó sì dákẹ́.

Mo ní mo fẹ́ rà á bó ṣe wà. Ó wò mí bíi pé mo sọ ìsọkúsọ.

“Mi ò tí ì ta aṣọ tí mi ò ṣí fún oníbàárà rí, iwájú àti ẹ̀yìn, nínú oòrùn. Èyí náà, a máa ṣí i, nínú àgbàlá yìí. Kò ní jáde lọ sí ibì kankan. Bó bá dún, màá tà á fún ọ. Bí kò bá dún, a jẹ́ pé wọ́n rẹ́ ọkọ mi jẹ lóòótọ́, kó máa bá iṣẹ́ tábìlì rẹ̀ lọ.” Ó tẹ́ aṣọ kan sílẹ̀, ó tún un ká. “Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, tíṣà.”

Ọkùnrin tí mo wá lọ bá ní ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀ jẹ́ rédíónìkì, ìyẹn àwọn tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Kò ka ìwé kọjá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi ní tèmi ti yá ìwé ńlá kan tó kún fún àwòrán okùn àti ọfà. Mo ṣí i fún un ní àgbàlá ìyá náà. Ó wò ó, ó ní ìwé dáadáa ni, ó sì gbé mítà tó fi ń wọn iná lé e lórí kí ìdọ̀tí má baà kàn án. Mo tún ṣàlàyé fún un pé irú ẹ̀rọ yìí kò ní gíláàsì tó ń pọ́n nínú bíi ti rédíò àwọn bàbá wa, pé transísítọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó dúró títí mo fi sọ tán, bí ènìyàn ṣe ń dúró kí òjò dá. Lẹ́yìn náà ló tú ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo ti ka ìwé nípa ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tí ì rí i rí. Mo ti ń retí ipata àti òórùn eku. A rí òórùn eku lóòótọ́. Ṣùgbọ́n eruku aró ọdún mẹ́sàn-án ti bà sórí gbogbo nǹkan nínú ibẹ̀, ó rọra bò wọ́n, débi pé ohun gbogbo jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn nǹkan kéékèèké tò lọ ní ìlà, ìlà, bí ilé nínú ìlú tí a ń wò láti orí òkè. Mi ò rí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kankan sọ. Rédíónìkì náà pàápàá kò tètè fọwọ́ kàn án. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i pẹ̀lẹ́, àwọ̀ náà dìde, ó sì lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fíúsì ti bẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn transísítọ̀ ńlá méjèèjì ti kú, nǹkan kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti jó di èédú. Ìyẹn kò bà á lẹ́rù, ó ní òun ní òkú ẹ̀rọ tí òun á ti yọ irú wọn. Ohun tó bà á lẹ́rù ni sípíkà. Eku ti jẹ pépà rẹ̀, ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́ wà nínú rẹ̀. Ó ní irú rẹ̀ kò sí ní Abẹ́òkúta, òun kò sì lè fi gọ́ọ̀mù lásán dí i: gọ́ọ̀mù á le jù, ohùn á máa há, aáyán á sì jẹ ẹ́. Ohun tí òun nílò ni nǹkan tó fúyẹ́, tó ń le síbẹ̀ tó ń tẹ̀, tí kòkòrò kì í jẹ.

Ìyá náà gbọ́ níbi tó wà nídìí ìkòkò aró. Ó bi í pé ṣé ohun tó ń wá nìyẹn. Ó wọlé, ó gbé abọ́ ẹ̀kọ láfún jáde, èyí tí wọ́n ń fi ya àdìrẹ, tí wọ́n ń po álọ́ọ̀mù àti òkúta búlúù mọ́ kí kòkòrò má baà sún mọ́ ọn. Ó tún un sẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó bu omi díẹ̀ sí i, ó fi ìka mú un wò. Ó gé aṣọ funfun kan tó ti gbó, tó rọ̀ débi pé ikọ́ ọmọ tuntun fẹ́ẹ̀ lè fà á ya. Ó wá mú ìyẹ́ adìẹ.

Rédíónìkì náà fi ọwọ́ méjèèjì gbé sípíkà náà sí iwájú ìyá náà. Mo ti rí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ̀wé sára pátákó, mi ò rí ọwọ́ tó dá ara rẹ̀ lójú báyẹn rí. Ìyẹ́ náà ń rìn láti etí ihò lọ sí àárín, ẹ̀kọ náà ń tẹ̀lé e, ó tín-ín-rín tí mi ò fi mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ lé e, ó tún yà á lókè, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, kò gbọ̀n, kò sì padà sẹ́yìn. Nígbà tó ṣe tán, ó ní kí wọ́n gbé e sí ibòji fún ọjọ́ méjì, ó sì padà sídìí aró rẹ̀ bí ẹni tó lọ pọn omi dé.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, a tún pé jọ. Àlùháájì ti gbọ́, ó sì wá mójú tó wa. Ó wọ agbádá funfun, ó mú tèsùbáà lọ́wọ́. Ó sọ fún rédíónìkì bí wọ́n ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílùú Òyìnbó. Ó sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó má fi ọkàn sí i púpọ̀, pé ẹ̀gbọ́n òun mọ aṣọ, kò mọ iná. Ìyá náà ní, “Ẹ ṣeun, ọkọ mi.”

Rédíónìkì kò tíì fi okùn sí iná. Ó yí ẹ̀yìn àpótí náà sí wa, ó fi súkúrù-dáráfà nu eruku kúrò lára súwíìṣì kékeré kan tó tó èékánná, ó sì bèèrè pé ta ló fi í sí iná lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé.



Ó ní ọ̀nà méjì ni súwíìṣì yìí ń lọ. Ọ̀kan jẹ́ ti iná Amẹ́ríkà tí kò lágbára tó tiwa, èkejì jẹ́ ti irú iná tó wà nílé yìí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà. Ti Amẹ́ríkà ló wà títí di ìsinsìnyí. “Bó bá jẹ́ pé ó ti kú láti Èkó, kò ní jó báyìí. Iná ilé yìí ló jó o. Ààyè ló wọlé síbí.”

Ó tún bèèrè ìbéèrè rẹ̀, láìmọ ohun tó ń tú. Ìyá náà ń wo ilẹ̀. “Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé ni,” ó ní.

Àlùháájì dá ìlẹ̀kẹ̀ tèsùbáà rẹ̀ kan sílẹ̀, ó mú òmíràn. Èmi náà tí mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wo ibòmíràn, nítorí mo ti wo ẹ̀yìn àpótí náà lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò sì rí súwíìṣì kankan.

Rédíónìkì yí i sí iná tiwa, ó sì tẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹ̀rọ onígíláàsì máa ń jẹ́ kí o dúró kí wọ́n gbóná. Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni dúró. Iná pupa tàn, a sì gbọ́ èémí rẹ̀ kíákíá, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo ki okùn gìtá bọ̀ ọ́, mo tẹ ohùn àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta tí mo mọ̀.

Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Mo ti ń ta gìtá yẹn fún ọdún mẹ́fà, mi ò mọ̀ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ohùn náà mọ́, ó tutù, ó gba orí ìkòkò aró kọjá, ó kan àpáta tó wà lẹ́yìnkùlé, ó padà wá bá wa. Àwọn ènìyàn yọ sí ẹnu ọ̀nà. Mo tẹ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léraléra bí ọmọdé tó ń tan iná tó ń pa á. Sípíkà tí wọ́n fi ẹ̀kọ lẹ̀ náà kò há rárá. Ìyá náà gbé ọwọ́ lé orí àpótí náà, ó sì fi í síbẹ̀.

Rédíónìkì mú máìkì kan bọ̀ láti fi dán ihò kejì wò. Ó kì í bọ̀ ọ́, ó kan án lórí, ó dún. Ìyá náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ bá Àlùháájì, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó fi ọwọ́ méjì na máìkì náà sí i.

“Ọkọ mi, ẹ bá wa sọ fún àwọn ará ilé ohun tí ẹ rí.”

Àlùháájì kò kọ máìkì rí láyé rẹ̀. Ó gbà á, ó wú ikọ́, ikọ́ náà lọ kan àpáta ó sì padà, ó mú un ta gìrì. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kí gbogbo àwọn ènìyàn pàtàkì tó wà níjókòó. Ìyá náà kò dìde. Àlùháájì bọ́ sí Yorùbá, ó yin ìmọ̀ ẹ̀rọ. Kò dìde. Gbogbo àgbàlá ń wò ó lórí ìkúnlẹ̀, kò sì sí ohun tó burú nínú kí ìyàwó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ. Àlùháájì wò ó.

“Wọn ò rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi jẹ,” ó ní. Ohùn rẹ̀ gbòòrò ju bí ó ṣe fẹ́ lọ. “Ààyè ló rà. Èmi ni mo fi í sí iná.”

Kẹ́mta gbọ́. Ìyá náà dìde, ó gbọn eruku kúrò ní eékún rẹ̀, ó sì yíjú sí mi.

“Ó yá, tíṣà. Wá ná an.”