Òǹtẹ̀ Tó Fara Kan Ilé-Eèrà

Ìyá Òǹtẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi lu òǹtẹ̀ ní ọ́fíìsì ìwé ìbí, kò sì pa ọjọ́ iṣẹ́ jẹ rí, àfi ọjọ́ mẹ́ta tó fi sin bàbá rẹ̀.

Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, ó gùn ní mẹ́rìndínlógún. Fèrèsé kan, tábìlì méjì, àga mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àga náà kò ní ẹ̀yìn mọ́. Òǹtẹ̀ onígi rẹ̀ wà lórí tábìlì, òun àti tìmùtìmù yíǹkì tó fi ọ̀rá bò kó má baà gbẹ. Tó bá fẹ́ lu òǹtẹ̀, á gbé rúlà lé ìwé, á fi ọwọ́ òsì di ìwé mú, á wá gbé òǹtẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé tó bá ti ní òǹtẹ̀ méjì, ìwé tí wọ́n ti fagi lé ni. Òfin ibẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Òfin kejì wà lára ògiri nínú férémù: "Igun ọ̀tún lókè ni òǹtẹ̀ ń jókòó sí."

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìwà kó-tọ́ yẹn. Aránṣọ ni ìyá náà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbé e. Ní báyìí orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, nínú ilé tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ìyá Òǹtẹ̀ ti ka ìṣísẹ̀ rẹ̀: igba ó lé mẹ́rin, láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì dé ẹnu ọ̀nà ilé. Tó bá di aago méjìlá ọ̀sán, á lọ yí ìyá rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ òsì kí ara rẹ̀ má baà bó, á fún un lómi, á sì padà kí aago kan tó lù. Òun nìkan ni ìyá náà bí. Kò sẹ́lòmíràn tó lè ṣe é.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹ̀rọ dé.

Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju àpótí aṣọ lọ. Ó ní ẹnu tí wọ́n ń ti ìwé sí, ó sì ní kámẹ́rà lókè ẹnu náà. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni kó wá àmì dúdú onígun mẹ́rin kan tí olú iléeṣẹ́ ti tẹ̀ sórí ìwé, kó sì kà á. Orúkọ ọmọ, ọjọ́ tí wọ́n bí i, orúkọ àwọn òbí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú àmì yẹn, ṣùgbọ́n ojú èèyàn kò lè kà á. Ilé-eèrà ni wọ́n sọ ọ́. Ó jọ ìgbà tí eèrà dúdú bá bo hóró ṣúgà kan.

Ibikíbi ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ibikíbi ni ẹnì kejì tó ń lu òǹtẹ̀ nínú yàrá náà, ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Òun náà gba orúkọ tirẹ̀ nítorí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti bá ìwé ló ń lu òǹtẹ̀ sí: ìsàlẹ̀, àárín, ẹ̀gbẹ́. Nígbà mìíràn, òǹtẹ̀ á dorí kodò. Ọwọ́ kan á wà lórí òǹtẹ̀, ọwọ́ kejì á wà lórí fóònù.

Bí kámẹ́rà bá ka ilé-eèrà, ẹ̀rọ á dún tín, ìwé á bọ́ sínú àpótí aláwọ̀ ewé, ẹni tó ni ín á gbà á lọ. Bí kò bá rí i, á dún gbùù, ìwé á bọ́ sínú àpótí pupa, yóò sì padà sí olú iléeṣẹ́ kí wọ́n lè tẹ òmíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn. Kò síbi tí èèyàn lè fọwọ́ kọ nǹkan sí i. Àwọn tó gbé e wá ní ọwọ́ èèyàn ló ń ṣàṣìṣe. Gbogbo ìwé tó bá gba ọ́fíìsì náà kọjá ló gbọ́dọ̀ gba òǹtẹ̀, kó sì gba abẹ́ kámẹ́rà, títí kan ìwé àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn. Ohun tí ẹ̀rọ kò bá kà, kò tíì ṣẹlẹ̀.

Igun ọ̀tún lókè ni wọ́n tẹ ilé-eèrà sí. Wọn kò yí òfin ara ògiri padà. Ìyá Òǹtẹ̀ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Kò fẹ́ tẹ ilé-eèrà mọ́lẹ̀, kò sì fẹ́ rú òfin. Ló bá ń gbé òǹtẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kí etí òǹtẹ̀ fara kan etí ilé-eèrà, kó má wọ inú rẹ̀, kó má sì fi í sílẹ̀. Rúlà ló fi ń wọ̀n ọ́n. Kò tàsé rárá.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lu ọgọ́rin ìwé. Ẹ̀rọ ka mẹ́ta. Ibikíbi náà lu ọgọ́rin. Ẹ̀rọ ka mẹ́tàléláàádọ́rin.

Ọ̀gá wọlé nírọ̀lẹ́. Kò jókòó.

"Ìyá Òǹtẹ̀, Ibikíbi, ẹ gbọ́. Olú iléeṣẹ́ ní ẹnì kan ti tó yàrá yìí. Ẹnì kejì ń lọ sí ọ́fíìsì òkè odò. Wọ́n ti fi ìwé tíráńsífà méjì ránṣẹ́, orúkọ kọ̀ọ̀kan yín wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ Ẹtì, màá ka àpótí pupa. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń lọ."

Wákàtí méjì ni mọ́tò fi ń dé òkè odò. Ta ni yóò yí ìyá rẹ̀ ní aago méjìlá?

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ yìí kò ríran," ni Ìyá Òǹtẹ̀ wí.

"Ó ń rí ti Ibikíbi."

Ibikíbi fojú sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Èmi gan-an ò mọ ohun tí mò ń ṣe."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀ ọ́n," ló dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó da yíǹkì tuntun sí tìmùtìmù, kí òǹtẹ̀ lè dúdú dáadáa, kí ojú ẹ̀rọ lè rí i pé iṣẹ́ gidi ni. Gbùù, gbùù, gbùù. Ẹ̀rọ ka mẹ́rin.

Ọjọ́ náà ni káfíńtà kan wá gba ìwé ọmọ rẹ̀. Ìyẹ̀fun pákó ṣì wà ní irun rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé, Màmá. Iléèwé á wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ní àwọn ò gba ọmọ tí kò níwèé."

"Ìwé rẹ ti dé. Ẹ̀rọ ní òun kò rí i."

"Kò rí ọmọ, àbí kò rí ìwé?"

"Ìwé."

"Torí ọmọ wà nílé o. Ó fọ́ àwo méjì láàárọ̀ yìí. Ṣé ẹni tí kò sí ló fọ́ àwo?"

Ibikíbi rẹ́rìn-ín. Ìyá Òǹtẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìwé náà yọ nínú àpótí pupa, ó fi han káfíńtà. Orúkọ ọmọ ń bẹ níbẹ̀ gàdàgbà, òǹtẹ̀ jókòó tọ́ọ́. Káfíńtà wò ó.

"Èyí ò dáa ni? Èmi tí mò ń fi okùn wọn pákó, mi ò lè ṣe é tó báyìí. Ẹ jẹ́ n máa mú un lọ."

"O ò lè mú un lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Ṣé ẹ̀rọ yìí bímọ rí?" ni káfíńtà wí. Ó lọ jókòó sí àtẹ̀gùn ìta.

Lọ́jọ́rú, ẹlẹ́rọ dé láti olú iléeṣẹ́. Ó fi áńkáṣíìfù nu kámẹ́rà. Ó ti ìwé kan tó mú lọ́wọ́ wọ ẹnu ẹ̀rọ. Tín. Ó tún ti òmíràn. Tín.

"Kò ṣe nǹkan kan," ló wí.

"Tí kò bá ṣe nǹkan kan, kí ló dé tí kò ríran?"

"Ó ríran, Màmá. Ìwé tiyín ni kò ṣeé rí."

"Ìwé mi tọ́. Gbé rúlà lé e."

"Bóyá ó tọ́ jù." Ó pa àpò rẹ̀ dé, ó lọ.

Inú bí Ìyá Òǹtẹ̀ débi pé ó lọ wẹ òǹtẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, ó sì tún da yíǹkì kún yíǹkì. Méjì péré ni ẹ̀rọ kà lọ́jọ́ yẹn, nínú ọgọ́rin. Ibikíbi ń jẹ búrẹ́dì, ó ń lu òǹtẹ̀, èérún búrẹ́dì ń já bọ́ sórí ìwé ìjọba. Tín, tín, tín. Bí ohùn yẹn bá dún, ó dà bíi pé ẹnì kan ń ta Ìyá Òǹtẹ̀ ní ìkó lórí.

Lọ́jọ́bọ̀, ó lu ogójì kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀rọ ka mẹ́ta. Nígbà tó di aago méjìlá, ó rìn lọ sílé. Kò ka ìṣísẹ̀ rẹ̀.

Ó yí ìyá rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ le díẹ̀.

"Rọra. Èmi kọ́ ni mo ṣẹ̀ ẹ́," ni ìyá náà wí. "Kí ló dé?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀, ti ilé-eèrà, ti àpótí pupa, ti òkè odò. Ìyá náà kò dáhùn sí ti òkè odò. Ohun tó béèrè ni pé:

"Àyè wo lo fi sáàárín òǹtẹ̀ àti nǹkan dúdú yẹn?"

"Àyè kankan. Wọ́n fara kanra. Mo wọ̀n ọ́n."

"Oò. Ìwọ náà ń ránṣọ kan eteetí." Ìyá náà mi orí lórí ìrọ̀rí. "Mo kọ́ ẹ kí ìlà tọ́, mo sì kọ́ ẹ kí o fi àyè sílẹ̀ létí aṣọ. Ọ̀kan lo mú."

Ìyá Òǹtẹ̀ dúró pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́.

Ó padà sí ọ́fíìsì kí aago tó lu méjìlá ààbọ̀. Ó kó àwọn ìwé inú àpótí méjèèjì tí wọn kò tíì wá gbà, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ yíká. Ó kọ́kọ́ wo tirẹ̀ tí ẹ̀rọ kà lọ́jọ́ Ajé, mẹ́ta péré. Òǹtẹ̀ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣá. Ó ti lù wọ́n nígbà tí yíǹkì ń gbẹ lọ, etí òǹtẹ̀ kò hàn. Ó wá wo ti Ibikíbi tí ẹ̀rọ kò kà. Lórí gbogbo wọn, òǹtẹ̀ ti ṣèèṣì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-eèrà. Àwọn tí òǹtẹ̀ jìnnà sí, ẹ̀rọ kà wọ́n pátá, ì báà dorí kodò.

Ó mú ìwé tuntun kan, ó fi ìbú ìka ọmọńdinrín sílẹ̀ ní funfun, ó lu òǹtẹ̀. Tín.

Ojú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rí funfun yíká ilé-eèrà kó tó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Iṣẹ́ tó fi rúlà ṣe yẹn gan-an ló ń fọ́ ọ lójú. Ó jókòó sórí àga tí kò lẹ́yìn. Kò dùn mọ́ ọn nínú.

"Màmá, ó ka tiyín!" ni Ibikíbi wí.

"Mo gbọ́ ọ."

Àwọn tó ti wà nínú àpótí pupa kò ní àtúnṣe. Tó bá lu òǹtẹ̀ míì sí ibi tó jìnnà, òǹtẹ̀ méjì nìyẹn, a ti fagi lé e. Ìwé ọmọ káfíńtà wà láàárín wọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó lu ogójì. Ẹ̀rọ ka ogójì. Ní aago mọ́kànlá, ọ̀gá wá ka àpótí pupa. Ti Ibikíbi jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Ti Ìyá Òǹtẹ̀ jẹ́ igba ó lé méjìdínláàádọ́rin.

Ó ṣàlàyé fún ọ̀gá. Ó fi ìwé hàn án, ó fi ìka ọmọńdinrín hàn án. Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn, ó sì yé e.

"Ìyá Òǹtẹ̀, ẹ ti ṣe ohun tí ẹlẹ́rọ ò lè ṣe. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé iye inú àpótí."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

"Wọ́n ń gbé irú ẹ̀rọ yìí lọ sí òkè odò lọ́jọ́ Ajé. Ta ló wá mọ̀ ọ́n lò bíi tiyín? Ẹ̀yin lẹ máa lọ kọ́ wọn, kẹ́ ẹ sì dúró síbẹ̀."

Ìyá Òǹtẹ̀ fi ọ̀rá bo tìmùtìmù. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ń lọ sí òkè odò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n náà ń lọ.

"Ọ̀gá, ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Gbogbo wa la níyàá." Ọ̀gá gbé ìwé tíráńsífà kalẹ̀. Ilé-eèrà wà ní igun rẹ̀ bíi ti gbogbo ìwé. "Ó ku òǹtẹ̀, kó sì gba abẹ́ ẹ̀rọ."

Ibikíbi na ọwọ́. "Màmá, ẹ jẹ́ n bá yín lù ú."

"Gbé ọwọ́ rẹ sọ́hùn-ún."

Ó ṣí ọ̀rá kúrò lórí tìmùtìmù. Ó gbé rúlà lé ìwé, ó fi ọwọ́ òsì dì í mú. Ó wo férémù ara ògiri. Ó gbé òǹtẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní igun ọ̀tún lókè, etí òǹtẹ̀ fara kan etí ilé-eèrà, yíǹkì dúdú bí èédú. Ó ti ìwé náà wọ ẹnu ẹ̀rọ.

Gbùù.

Ìwé náà bọ́ sínú àpótí pupa.

"Ẹ lu òmíràn sísàlẹ̀," ni ọ̀gá wí.

"Òǹtẹ̀ méjì, ọ̀gá? A ti fagi lé e nìyẹn."

Ọ̀gá wo Ìyá Òǹtẹ̀, ó wo ògiri. "Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọ̀gá. Ó ti mọ́ ọwọ́ lára."

Ibikíbi dojú kọ fèrèsé. Ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀.

Ìyá Òǹtẹ̀ fa bébà kan yọ, ó kọ ìlà mẹ́fà sí i, ó ya ilé-eèrà àti òǹtẹ̀ àti ìka ọmọńdinrín tó wà láàárín wọn. Ó fún ọ̀gá. "Kí dírẹ́bà mú un dé òkè odò lọ́jọ́ Ajé. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ìyẹn lọ." Ọ̀gá ká bébà náà sápò, ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn gbà-á.

Aago lu méjìlá. Káfíńtà wà lórí àtẹ̀gùn.

"Màmá, tèmi ńkọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èmi ni mo bà á jẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Wá lọ́jọ́ Ajé, màá kọ lẹ́tà sí iléèwé. Lẹ́tà lásán ni, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbà á."

Káfíńtà wò ó, kò dúpẹ́, kò bú u.

Ìyá Òǹtẹ̀ rìn lọ sílé, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Igba ó lé mẹ́rin.

"O pẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Ìwé kan ló há."

Ó fi apá sábẹ́ èjìká ìyá rẹ̀, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì fa ìrọ̀rí sẹ́yìn díẹ̀, kí àyè lè wà létí ojú rẹ̀.