Kọfí Tí Bàbá Mi Lọ Ṣà ní Shasha

Ọdún tí ìyá mi kú ni bàbá mi kó wá sọ́dọ̀ mi ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Mo rántí bí ó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án ọjọ́ náà pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, tí ó ń wo àwọn ilé tó fara ti ara wọn ládùúgbò wa bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n fi ilẹ̀ pa mọ́ sí. Àgbẹ̀ ni. Kọfí ló gbìn títí ó fi dàgbà, òun náà ló fi rán èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin níléèwé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti sin ìyá mi, kò sọ̀rọ̀ oko mọ́, kò tilẹ̀ fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀ kankan. Bí mo bá fi í sílẹ̀ nídìí fèrèsé láàárọ̀, ibẹ̀ náà ni n ó ti bá a nírọ̀lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun ló fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́, èyí tó ń po kọfí ife kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí bàbá máa fi tu ara rẹ̀ nínú. Inú èmi gan-an dùn sí i ju bàbá lọ, nítorí mo gbà nígbà yẹn pé ohun tó bá ti òkè òkun wá kò lè ní àbùkù. Mo yà sí ilé ìtajà ńlá kan ní Egbeda, mo ra páálí kọfí tí wọ́n ti di sínú ike pénpé-pénpé, tí èèyàn kàn máa ń tì bọ inú ẹ̀rọ. Bàbá mi gbé ife náà sún mọ́ imú, ó tọ́ ọ wò, ó rọra gbé e kalẹ̀.

"Ó ti kú," ó ní.

"Kí ló kú, Bàbá?"

"Kọfí yìí. Ó ti pẹ́ tó ti kú."

Mo mú páálí náà wá, mo fi hàn án pé ó ṣì ku ọdún kan gbáko kó tó bàjẹ́. Ó ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kọ́ lòun ń béèrè, ọjọ́ tí wọ́n yan án lòun ń béèrè. Inú bí mi díẹ̀, mo kà á sí àìmoore. Èmi tí mò ń jókòó ní ọ́fíìsì ní Ìkẹjà, mo rò pé ohun tí wọ́n kọ sára páálí mọ kọfí ju ẹni tó gbìn ín lọ.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ló júwe ìyá ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan fún mi, tó ń yan kọfí lẹ́yìn ọjà Shasha, láàárín àwọn tó ń ta ẹ̀wà àti àgbàdo. Mo mú bàbá lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé kan. A ò tíì dé ọ̀dọ̀ ìyá náà tí bàbá ti dúró lójijì, tó gbé imú sókè. "Wọ́n ń yan án lọ́wọ́," ó ní, ó sì yára ṣáájú mi, òun tí mo ti ń di ọwọ́ rẹ̀ mú láti ìgbà tí a ti sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́.

Ó kó hóró díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ṣa àwọn tó fọ́ àti àwọn tí kòkòrò ti lu kúrò, ó wá bu ọ̀kan jẹ. Ó ní èyí tó bá ró kàú lẹ́nu ló dára, èyí tó bá rọ̀ ti gba ọ̀rinrin. Ó ní kí àwọ̀ wọn dọ́gba, kó má sì dúdú bí èédú, torí àwọn kan máa ń fi iná bo àbùkù kọfí mọ́lẹ̀.

"Ẹ káre, Bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n," ni ìyá oníkọfí wí. "Báwo lẹ ṣe máa gbà á?"

"Èyí tó máa tó èmi àti ọmọ mi mu fún ọ̀sẹ̀ kan. Má lọ̀ ọ́ o. Bí a bá lọ̀ ọ́ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò kọ́kọ́ mu ún kó tó kàn wá."

Asẹ́ kékeré kan bá ẹ̀rọ náà wá, tí èèyàn lè bu kọfí tirẹ̀ sí dípò ike. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá fi ọlọ ọlọ́wọ́ lọ ìwọ̀n ife méjì, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe pàdé ìyá mi. Kọfí tí ìyá mi sá sóòrùn ló lọ tẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyá mi sì bú u títí ó fi dọ̀bálẹ̀ fún un níṣojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà ìsìnkú, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn.

Oṣù bíi mélòó kan la fi wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, iṣẹ́ pọ̀ sí i fún mi. Mo ra kọfí àpò kan lẹ́ẹ̀kan náà, mo ní kí wọ́n bá mi lọ gbogbo rẹ̀ kúnná, mo dà á sínú ike gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Bàbá wò ó, ó ní ó pọ̀ jù fún ẹni méjì.

"Bàbá, mi ò ráàyè àtimáa lọ Shasha lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ jàre. Ṣé ẹ ò rí bó ṣe ń rẹ̀ mí ni?"

Ó rọra dé ike náà padà. Kò pẹ́ tí kọfí náà fi tẹ́ lẹ́nu. Ó máa ń béèrè pé, "Ṣé a ó lọ ní Sátidé yìí?" Èmi náà á ní, "Ó di Sátidé tó ń bọ̀." Bí kì í bá ṣe ìpàdé ìjọ, aṣọ fífọ̀ ni; bí kì í bá ṣe aṣọ fífọ̀, oorun ni.

Ní Ọjọ́rú kan, aládùúgbò wa pè mí níbi iṣẹ́ pé àwọn ò rí bàbá. Mo sáré wálé. A wá a títí, a ò rí i. Nígbà tó ń lọ sí agogo mẹ́rin, ọlọ́kẹ̀kẹ́ kan gbé e dé láti Ìgandò. Ó ní etí títì lòun ti bá a, tó ń béèrè ọ̀nà abúlé kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ níbẹ̀. Oko wa ni. Bàbá mú fìlà dání, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Shasha lòun lọ.

Ẹ̀rù ló bà mí, ṣùgbọ́n ìbínú ló gba ẹnu mi jáde. "Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Nítorí kọfí lásán? Àbí èmi ni mo bí yín, tí n ó máa ṣọ́ yín kiri bí ọmọdé?"

Ọlọ́kẹ̀kẹ́ náà dorí kodò. Bàbá mi wò mí, ó ní, "Ẹ má bínú, mà."

Èmi ló ń sọ ọ́ fún. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó gbàgbé ẹni tí mo jẹ́ ni, tàbí ó mọ̀ dáadáa. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, kì í ṣeé kó. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́.

Kò béèrè kọfí lọ́wọ́ mi mọ́. Bí mo bá gbé e fún un, á mu ún tán, á sì dúpẹ́ bí àlejò. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àìsàn gbé e dè, kò sì lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ nílé ìwòsàn tó fi dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ sọ fún ìyá oníkọfí. Ó kígbe, "Inná lilláhi! Bàbá tó dá wá síbí lọ́jọ́sí?"

Mo ní kò dé ibẹ̀, pé ó sọnù ni.

"Wọ́n dé o! Orí àpótí yìí ni wọ́n jókòó sí. Ó ju wákàtí kan tí wọ́n fi ń ṣà á ní hóró kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n bá wọn ṣà á, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn làwọn ń ṣà á fún. Wọ́n ní ẹ̀ ń mu èyí tó ti kú lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ẹ ò sì mọ̀. Mo dì í sínú ọ̀rá fún wọn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ."

Ibi tí ọ̀rá náà bọ́ sí láàárín Shasha àti Ìgandò, Ọlọ́run ló mọ̀.

Ọdún díẹ̀ ti kọjá. Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ mi níbi iṣẹ́ irú kọfí tó yẹ kí wọ́n rà, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n béèrè ọjọ́ tí wọ́n yan án, kí wọ́n ra ìwọ̀nba, kí wọ́n má lọ̀ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á ní mo mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹbí náà ní kí n yọ̀, pé bàbá dàgbà kó tó lọ. Mo ń yọ̀ ṣá. Ṣùgbọ́n àwọn àárọ̀ kan wà tí n ó jí, tí ara mi á yá gágá fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀, kí n tó rántí pé mo pariwo mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, n ó rántí.